Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Oògùn Ìtọ́jú Gbà fún Ẹni Tí Tramadol Ti Di Bárakú fún ní Èkó

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn ilé oògùn mi ní Ṣómólú, ìyá kan dúró níta títí gbogbo oníbàárà fi lọ tán. Nígbà tí ó wọlé, kò sọ nǹkan kan. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ páálí oògùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti fún hóró mẹ́wẹ̀ẹ̀wá inú rẹ̀ jáde tán, ó sì tẹ́ ẹ sórí káńtà. Tramadol 225 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn oògùn ìrora tó ní mílígíráàmù 225 nínú hóró kan. Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ òun ọkùnrin ni òun ti rí i, pé láti àárọ̀ ni ọmọ náà ti ń gbọ̀n, tí ó ń yán, tí imú rẹ̀ ń dà bí ẹni tí òtútù mú, tí ó sì ń bẹ òun pé kí òun wá owó ẹyọ kan péré fún òun. Ó ní, "Dókítà," nítorí orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn àdúgbò fi ń pe apoògùn nìyẹn, "ǹjẹ́ oògùn kan wà tó lè gba ọmọ mi lọ́wọ́ oògùn yìí?"

Oògùn náà wà, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí ó ṣòro ni bí ọwọ́ ṣe máa tẹ̀ ẹ́, àti bí kò ṣe ní já láàárín ọ̀nà lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ìdí rèé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó, àti fún ẹni náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá, ìwé tí wọ́n máa gbà, ilé oògùn tí wọ́n máa wọ̀, àti ohun tí wọ́n máa ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n bá sọ fún wọn pé kò sí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ìyá náà ni pé kí ó má ṣe ti ọmọ mọ́lé pé kí ó gbọ̀n ọ́n dànù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn a tilẹ̀ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti máa fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ tramadol tàbí codeine lójoojúmọ́, bí kò bá rí i lò fún bíi wákàtí 12 sí 24, ara yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀: yóò làágùn, yóò máa yán, inú yóò máa lọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru yóò mú un, ẹsẹ̀ kò ní balẹ̀, oorun yóò sì sá lójú rẹ̀. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ni ó máa ń le jù, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan a sì rọlẹ̀. Àmọ́ tramadol tún ní ewu tirẹ̀. Àpọ̀jù rẹ̀ máa ń fa gìrì bíi ti wárápá, àwọn dókítà kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn lò ju 400 mílígíráàmù lọ lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: hóró méjì péré nínú èyí tí wọ́n kọ 225 sí lára ti di 450.

Èyí tí ó tún burú ni pé ohun tí wọ́n ń tà ní ìgboro lè máà jẹ́ tramadol rárá. Ní oṣù Èrèlé ọdún 2025, àwọn akọ̀ròyìn BBC tú àṣírí pé iléeṣẹ́ kan ní Íńdíà ń po tapentadol, oògùn ìrora tó lágbára, mọ́ carisoprodol, oògùn tí ń dẹ iṣan, wọ́n sì ń kó o wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjọba Íńdíà sì fòfin de kíkó irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá ti ń gbé carisoprodol mì lójoojúmọ́ láìmọ̀, gìrì lè mú un bí ó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Nítorí náà, ẹ má ju páálí tí ẹ bá rí nù. Ẹ kó o pamọ́ sínú àpò, nítorí dókítà máa fẹ́ rí i. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ aláboyún, kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì rárá nítorí ọmọ inú rẹ̀. Kí ó tètè rí dókítà, kí ó sì jẹ́ kí dókítà pinnu bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀.

Oògùn mẹ́ta ni ayé ń lò jù fún ìtọ́jú yìí: methadone, buprenorphine àti naltrexone. Láti ọdún 2005 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka méjì àkọ́kọ́ mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kí ó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan. Ẹ fi ọkọ̀ dáńfó wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ọpọlọ ènìyàn, àwọn àga kan wà tí tramadol, codeine àti heroin máa ń jókòó lé. Methadone máa ń jókòó sórí àga kan náà, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń pẹ́ lára tó nǹkan bí ọjọ́ kan, tí ara kò fi ní máa gbọ̀n, tí ẹni náà yóò sì lè lọ síbi iṣẹ́. Buprenorphine di àga náà mú gírígírí, ìwọ̀nba sì ni agbára rẹ̀, bí èrò mìíràn bá dé, kò ní rí ibi jókòó sí. Naltrexone ní tirẹ̀ kàn gba àga ni, kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá máa lò ó gbọ́dọ̀ ti kúrò nídìí oògùn olóró fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìnira tí mo kà sílẹ̀ lókè yóò dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìwòsàn tún lè fúnni ní oògùn tí ń dẹ́kun ìgbẹ́ gbuuru, tí ń mú ara fúyẹ́, tí ń jẹ́ kí ènìyàn sùn. Ìwọ̀nyẹn wúlò fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dá bárakú dúró.

Mo ti gbọ́ ọ títí pé májèlé kan ni a fi ń pààrọ̀ májèlé kejì. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú ìwé dókítà wá sí káńtà mi ní ọ̀sán gangan, mo ka orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀ sókè lójú àwọn oníbàárà mẹ́rin, mo sì ní a kì í ta irú ìyẹn níbí. Ó ká ìwé náà pọ̀, ó sì jáde láìwo ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo lọ kàwé sí i. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1996 ni wọ́n ti jẹ́ kí dókítà àdúgbò lè kọ buprenorphine fún aláìsàn, kí ilé oògùn àdúgbò sì máa fún wọn, àwọn tí àlòjù heroin ń pa sì dínkù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún láàárín ọdún 1995 sí 1999. Ní Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dókítà kò nílò ìwé àṣẹ àkànṣe mọ́ kí ó tó kọ ọ́, síbẹ̀ àwọn tó ń gbé ìgbèríko ṣì ń wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé oògùn ìtòsí wọn kì í kó o sí ṣẹ́ẹ̀fù. Oògùn lè wà kí òfin sì fàyè gbà á, kí káńtà sì tún dí ọ̀nà.

Ní Èkó níbí, ọ̀dọ̀ dókítà ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yaba, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1907, ní ẹ̀ka kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún, ní ọgbà wọn kejì tó wà ní Òṣòdì. Mo mọ̀ pé orúkọ "Yaba Left" ń ba ọ̀pọ̀ ìdílé lẹ́rù, wọ́n ń rò pé ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ ti di wèrè lójú ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ láti ilé wọn, wọ́n á rí dókítà, wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, náà ní àwọn dókítà ọpọlọ. Ẹni tó bá ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Odan, kí ó gba lẹ́tà tí yóò mú dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mo dárúkọ yìí. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó súnmọ́ yín jù, àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbé tọ̀sán-tòru fún ìmọ̀ràn àti ìtọ́jú, 0800 1020 3040. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ fún, kì í ṣe láti fi mú ènìyàn.

Ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó wọkọ̀. Ẹ bi wọ́n ọjọ́ tí kílíníìkì wọn máa ń jókòó, iye tí wọ́n ń gbà fún káàdì àti fún àyẹ̀wò, àti bóyá wọ́n ní buprenorphine tàbí methadone nílẹ̀ lásìkò yìí. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní i, ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò sì ní lè máa ti Òṣòdì lọ Ìkẹjà, kí ó tún ti Ìkẹjà lọ Ìdí-Àràbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ tún béèrè bóyá ìyanṣẹ́lódì kankan ń bọ̀, nítorí a ti rí i tí dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé tí kò sì sí lọ́jọ́ Ẹtì.

Nígbà tí ẹ bá dé iwájú dókítà, òtítọ́ ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì sọ ọ́ tán. Irú oògùn wo ni? Hóró mélòó lójúmọ́? Nígbà wo ni ó lò ó kẹ́yìn? Ǹjẹ́ ó ń po ó mọ́ ọtí, páragà, tàbí oògùn oorun? Ǹjẹ́ gìrì ti mú un rí? Bí ó bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí oògùn HIV, kí ó sọ ọ́, nítorí rifampicin àti efavirenz máa ń jẹ́ kí methadone tètè tán lára. Wákàtí tí ó lò ó kẹ́yìn ṣe pàtàkì jù lọ fún buprenorphine. Bí wọ́n bá fún un nígbà tí tramadol ṣì kún ara rẹ̀, ńṣe ni buprenorphine máa fipá lé èrò tó wà lórí àga dìde, ẹni náà á sì ṣàìsàn gidigidi láàárín wákàtí kan. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí ara kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Mo ti rí ẹni tí ó purọ́ wákàtí nítorí ìtìjú, tí ó wá rò pé oògùn ìtọ́jú gan-an ló fẹ́ pa òun, tí kò sì padà wá mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní aṣiwèrè, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un àti láti fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n wọ́ wá ní túláàsì kì í pẹ́ kó tó sá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ wá kan ìwé oògùn, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kí ẹ tó kúrò níwájú dókítà, ẹ wò ó bóyá orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀, déètì, orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, àti iye hóró wà nínú rẹ̀, kí iye náà wà ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, kí orúkọ dókítà, ìbuwọ́lù rẹ̀ àti òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn sì hàn kedere. Fọ́tò orí fóònù kò tó fún irú oògùn yìí. Ìwé gan-an ni apoògùn máa gbà, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ bi dókítà pé, "Ilé oògùn wo ni ẹ mọ̀ pé ó ní i?" Ó dára púpọ̀ kí ẹ gbà á ní ilé oògùn inú ọgbà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kẹ́míìsì òpópónà kọ́ ni ẹ máa lọ. Oògùn tí kò nílò ìwé dókítà nìkan ni òfin gbà kí wọ́n tà, bí wọ́n bá sì sọ pé àwọn lè bá yín wá a, ẹ má ṣe gbà. Ìdúmọ̀tà náà kọ́. Ọjà tí kò sí ẹni tó mọ ibi tó ti wá ló pọ̀ jù níbẹ̀, NAFDAC sì ti ọjà oògùn ibẹ̀ pa ní oṣù Èrèlé ọdún 2025 nítorí irú rẹ̀. Ilé oògùn tí ẹ ń wá ni èyí tí ìwé àṣẹ ọdún yìí láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn apoògùn wà lára ògiri rẹ̀, tí apoògùn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà sì wà níbẹ̀ lójúkojú. Ẹ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ tí èrò kò pọ̀. Ẹ má ṣe ka orúkọ oògùn sókè, ẹ kàn sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, apoògùn ni mo fẹ́ rí." Bí ó bá jáde, ẹ fi ìwé hàn án, kí ẹ sì bi í bóyá ó lè máa kó o wá fún yín ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ní òun kò ní i, ẹ má kàn yí padà lọ. Ẹ bi í bóyá kò sí lónìí ni tàbí kì í tà á rárá, kí ẹ sì ní kí ó fi nọ́ńbà orí ìwé pe dókítà níwájú yín. Apoògùn tí ẹ̀rù ń bà pé ìwé náà lè jẹ́ ayédèrú, ìpè ìṣẹ́jú méjì ló máa fi í lọ́kàn balẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti ní kí n pe dókítà nígbà yẹn, mi ò bá má lé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ.

Nígbà tí oògùn bá dé ọwọ́, ìṣirò ni yóò gbà yín. Ká ní hóró méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ 14, hóró 28 nìyẹn. Ní ọjọ́ tí ó bá ku hóró 10, ọjọ́ márùn-ún ló kù. Ọjọ́ náà ni kí ẹ pe ilé ìwòsàn àti ilé oògùn, kì í ṣe ọjọ́ tí páálí bá ṣófo. Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú: ọdún Iléyá, Kérésìmesì, ọjọ́ ìdìbò tí ọkọ̀ kì í rìn, àti àwọn ọjọ́ òjò tí omi máa ń gba gbogbo títì. Bí oògùn bá já fún ọjọ́ méjì, ara yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè, ẹni tó ń ta 225 kò sì jìnnà sílé ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa. Bí ó bá ti já ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dé, pàápàá bó bá jẹ́ methadone. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí ó tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ń fi buprenorphine sí. Wọn kì í gbé e mì, nítorí tó bá dé inú ikùn, agbára rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Kí ẹni náà kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ tutù ẹnu, kí ó fi hóró sí abẹ́ ahọ́n, kí ó má sọ̀rọ̀, kí ó má jẹun, kí ó má mu nǹkan kan títí yóò fi yọ́ tán, tí ó lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà kí ó fi omi yọ ẹnu, kí ó sì dúró fún wákàtí kan kí ó tó fọ eyín, kí eyín má baà bàjẹ́. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Methadone olómi dà bí ohun mímu lójú ọmọdé, ìwọ̀nba díẹ̀ tí kò ní ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan lè pa ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọtí, páragà àti oògùn oorun kò gbọdọ̀ bá a pàdé lára, torí wọ́n jọ máa ń dá èémí dúró ni.

Kí gbogbo ilé mọ àmì ewu: ẹni náà kò jí bí ẹ ṣe gbọ̀n ọ́n tó, èémí rẹ̀ ń fà tàbí ó ń hanrun lọ́nà àjèjì, ọmọlójú rẹ̀ kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ sì ń dúdú. Ẹ pe 112 tàbí 767 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ó bá ń mí, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí èébì má baà há a lọ́fun. Bí kò bá mí, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Ẹ má ṣe da omi tútù lé e lórí, ẹ má sì da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ naloxone tí wọ́n ń gún nílé ìwòsàn lè jí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni agbára rẹ̀ ń gbé, oògùn tó wà lára sì lè ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jí tí ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé, ẹ má gbà.

Àkókò tí ewu yìí pọ̀ jù ni ìgbà tí ẹni náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ìtọ́jú, tí ara rẹ̀ ti mọ́. Ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ̀, ara rẹ̀ kò sì gbà á mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn ìdílé jà lórí pé kí wọ́n má ṣe sọ fún dókítà pé oṣù kan ti tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló nílò oògùn yìí fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà ni yóò sì dín in kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àsìkò bá tó.

Ọmọ ìyá yẹn ti ń dá wá fúnra rẹ̀ báyìí, ní Ọjọ́bọ̀, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yìn káńtà ni a ti máa ń sọ̀rọ̀, lórí àga kékeré tí mo gbé síbẹ̀ nítorí tirẹ̀ àti nítorí àwọn mìíràn bíi tirẹ̀. Ó máa ń kó páálí tí ó lò kù wá, a ó sì jọ kà á. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ Àìkú ló wá, kì í ṣe Ọjọ́bọ̀, nítorí pé hóró 10 ló kù, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni yóò pe ilé ìwòsàn.